Ṣíbí Ẹ̀wà Márùn-ún

Bí mo bá lọ ra ẹ̀wà lọ́jà lónìí, kòkòrò ni mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú rẹ̀. Màá bu ìkúnwọ́ kan, màá tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, màá sì máa fi ìka yí i kiri títí màá fi rí èyí tó ní ihò. Ó máa ń ya àwọn tó ń tà á lẹ́nu. Obìnrin kan ní Odò-Ẹrẹ̀ tiẹ̀ bínú sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá, ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní ni mo kó wá, ẹ wá ń wá kòkòrò nínú ẹ̀! Ṣé ẹran lẹ fẹ́ fi ṣe ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tí mo bá ti rí kòkòrò kan ṣoṣo tó ń rá pálá láàárín ẹ̀wà, tó wà láàyè, tára rẹ̀ sì dá ṣáṣá, ọkàn mi á balẹ̀, màá ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi. Ẹni tó bá gbé ilé wa ní Kàbà lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nìkan ló lè mọ ìdí rẹ̀, àwọn tó sì kù nínú wọn ò pọ̀ mọ́.

Ọdún tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara ni, tí wọ́n ní Kogi la jẹ́ báyìí. Bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, ó wá di pé alẹ́ Jímọ̀ la ń rí i, ìrọ̀lẹ́ Sunday á sì tún lọ. Àwa tó kù nílé ni ìyá mi, ìyá bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, àti àbúrò bàbá mi tí mò ń pè ní Bàbá Kékeré, ẹni tó ń dáko ní ọ̀nà Iyah-Gbede. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi nìkan sì lọmọ tó wà nínú ilé náà. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ilé yẹn tí mo bá di ojú. Ìgbálẹ̀ Ìyé ló ń kọ́kọ́ dún láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni máṣíìnì tí Bàbá Kékeré ń gùn á kọ̀ láti gbéra, òun á máa fi ẹsẹ̀ ta á, á sì máa bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ alágídí wí. Lọ́sàn-án, odó iyán là ń gbọ́ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí páànù wa, gbogbo ìró yòókù parí nìyẹn. Èèyàn á la ẹnu ní iwájú rẹ o kò sì ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé òjò orí páànù yìí, torí òun gan-an ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ìyá mi lóyún lọ́dún náà. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bí mi, èkejì nínú wọn sì ti tó oṣù mẹ́fà. Mo rántí èyí dáadáa, torí mo ti bá a yan orúkọ. Nítorí náà, nígbà tí ikùn rẹ̀ tún yọ, kò sẹ́ni tó yọ̀ síta nínú ilé wa. Ńṣe la ń rìn jẹ́jẹ́. Ìyé fi pín-ìnnì há ìdí aṣọ rẹ̀ kí ó tó jáde sínú oòrùn, ó sì ka ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ fún un: kò gbọ́dọ̀ jẹ ìgbín kí ọmọ má baà máa da itọ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin kí ọmọ má baà ya olè, kò gbọ́dọ̀ mu omi lójú ọ̀nà. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri ni ó ní kó máa mu dáadáa, kí ara ọmọ lè dán. Nígbà tí màmá mi wá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, obìnrin gíga kan tó wá láti òdìkejì odò ńlá ti Lọ́kọ́ja, tí Yorùbá rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀ lẹ́nu, tú gbogbo rẹ̀ ká. Ó ní kó máa jẹ ẹyin lójoojúmọ́. Ó ní wàrà tí wọn ò bá sè, kó má tiẹ̀ fi kan ẹnu. Ó ní kó ṣọ́ra fún ẹran tí kò jinná, kó máa fọ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì máa jẹ ẹ̀wà, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Ẹ̀rù ló ba ìyá mi tó fi gbọ́ràn sí àwọn méjèèjì lẹ́nu. Ohun tí Ìyé kọ̀ kò jẹ ẹ́, ohun tí nọ́ọ̀sì kọ̀ kò jẹ ẹ́, nígbà tí a bá sì yọ tibí yọ tọ̀hún, ohun tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Á gbé oúnjẹ síwájú, á máa wò ó. Èmi á jókòó tì í, èmi náà á máa wò ó. Mo ti di ìyá fúnra mi kí n tó mọ ohun tó ń rò nígbà náà: pé ọwọ́ ara òun lòun fi bu oúnjẹ tó pa oyún méjì àkọ́kọ́, òun ò sì mọ èwo ni. Ó ń rù. Egungun ọrùn rẹ̀ yọ, ikùn rẹ̀ sì ń ga.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ló wá jẹ́ ogun fún wa. Ó pupa, ó tóbi, bó bá sì ti kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ báyìí ni yóò padà jáde. Lọ́jọ́ kan tí mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fà mí mọ́ra, ó ní, "Dúpẹ́, ìwọ ni mo fi ṣọ́ ìyá rẹ o. Tí kò bá jẹ oògùn, ọmọ inú ẹ̀ kò ní lágbára. Rí i pé oògùn ń wọlé sí i lára. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ ju bó ṣe rò lọ. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dúró sẹ́yìn ilé ìwẹ̀, màá máa gbọ́ bí màmá mi ṣe ń bì, màá sì mọ̀ pé oògùn tún ti jáde nìyẹn. Ẹ̀rù á sì bà mí.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá Kékeré ti Odò-Ẹrẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀wà tó fẹ́ gbìn. Ó dà á sínú gàráwà kan, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo nínú yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí. Èmi wà ní ẹnu ọ̀nà, mò ń ka iṣẹ́ ilé-ìwé. Mo gbọ́ tó sọ fún Ìyé pé, "Ìyé, ẹ̀wà inú gàráwà yẹn, mo ti fi oògùn sí i o." Ó tún ń sọ̀rọ̀ lọ, mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, mo rí Ìyé tó ń mi orí, ṣùgbọ́n òjò ti wú lórí páànù, mi ò gbọ́ èyí tó kù. Mo ti ronú sí i títí láti ọdún náà. Ní èdè tiwa, oògùn ni ohun tí nọ́ọ̀sì ń fún aláìsàn, oògùn ni ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ nídìí, oògùn náà sì ni ohun tí àgbẹ̀ ń da sórí irúgbìn kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Mo mọ oògùn eku, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dárúkọ eku mọ́ ọn. Bàbá Kékeré kò dárúkọ nǹkan kan mọ́ tiẹ̀. Oògùn lásán ló pè é. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó jẹ ẹ̀wà, nọ́ọ̀sì ní kí oògùn wọlé sí i lára, Bàbá Kékeré sì ti pa méjèèjì pọ̀ sínú gàráwà kan.

Iṣẹ́ mi ni ṣíṣa ẹ̀wà nínú ilé náà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, màmá mi ní ẹ̀wà lòun á jẹ lọ́sàn-án. Mo gbé àtẹ lọ síwájú ilé ìdáná, mo da ẹ̀wà ilé sínú rẹ̀, mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Nígbà tí Ìyé wọlé lọ mú iyọ̀, mo sáré wọ yàrá oúnjẹ, mo bu ìkúnwọ́ mẹ́ta nínú gàráwà. Ẹ̀wà náà dára lójú, kò sí ihò lára rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kan sì bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò fọ èyí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fọ̀ ọ́ ni, kí oògùn má baà bá omi lọ. Mo dà á sínú ìkòkò, mo ro ó pọ̀, mo sì nu ọwọ́ mi sára aṣọ. Díẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé ìdáná. Àgbébọ̀ Ìyé kan tó ń sìn mí kiri ṣà á jẹ.

Ẹ̀wà jinná, Ìyé ta epo sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà. Màmá mi jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé abọ́ lé itan, mo sì lóṣòó sí iwájú rẹ̀ láti máa kà á. Ṣíbí kan wọlé, kò bì í. Ṣíbí kejì wọlé. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀wà yìí dùn, Dúpẹ́. Okun o, ọmọ mi." Báyìí là ń kíni níbẹ̀ tí a bá fẹ́ dúpẹ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí àgbébọ̀ náà. Ó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wọ́ ìyẹ́ apá kan nílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ yí padà sẹ́yìn. Ó dúró, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí á rò pé mo ké lójú ẹsẹ̀. Mi ò ké. Mo mọ̀ ọ́n, ó ti yé mi pátápátá, bí ìgbà tí wọ́n tan iná síni lójú, mi ò sì lè ya ẹnu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Mo ń wo adìyẹ, mo ń wo ṣíbí. Ìkẹta wọlé. Mo rò ó pé bóyá ebi ló ń pa adìyẹ. Ìkẹrin wọlé. Mo rò ó pé adìyẹ kéré, màmá mi tóbi. Ìkarùn-ún wọlé, ó sì tún ń bu òmíràn kí ohùn mi tó jáde, nígbà tó sì jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ gbá abọ́ náà. Ó fò, ẹ̀wà dà sí màmá mi láṣọ, epo ta sí i lójú. Ìyé jáde, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí. Ó rí adìyẹ. Ọwọ́ náà dúró sókè níbẹ̀.

"Ẹ̀wà wo lo sè?" Mo nawọ́ sí yàrá oúnjẹ. "Kái! Ẹ̀wà inú gàráwà?" Ìyé pariwo, ó sì sáré gbé ìgò epo pupa, ó ń rọ ọ́ sí màmá mi lẹ́nu. Màmá mi kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ń wò mí, ó ń wo adìyẹ, ó di ikùn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá Kékeré gbé máṣíìnì jáde. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ta á tó fi dáhùn. Wọ́n gbé ìyá mi sáàárín, Ìyé dì í mú láti ẹ̀yìn, èmi sì sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, òógùn ti bo ìyá mi, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, iṣan apá rẹ̀ sì ń fò fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń béèrè kíákíá, "Ṣíbí mélòó lẹ jẹ? Ẹ sọ òótọ́, dókítà fẹ́ mọ̀." Ìyá mi ní, "Mo kàn tọ́ ọ wò ni. Kò ju méjì lọ." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí Ìyé lè fara balẹ̀, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Márùn-ún ni." Nọ́ọ̀sì yíjú padà. "Báwo lo ṣe mọ̀?" Mo ní, "Mò ń kà á." Nọ́ọ̀sì ti lọ pe dókítà, òun kò ro ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi rò ó. Mo rí i tó ń rò ó. Ó rántí ibi tí mo lóṣòó sí, ó rántí ibi tí ojú mi wà, ó sì mọ̀ pé mo ti rí nǹkan kí òun tó parí márùn-ún. Ó wò mí tààrà lójú.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì gbé ohun onígi kan tó dà bí fèrè lé ikùn rẹ̀, ó fi etí tì í. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e kúrò lápá ọ̀tún lọ sí apá òsì, ó tún fetí tì í, mi ò sì mí. "Ọkàn ọmọ ń lù," ló wí nígbẹ̀yìn. Ìyé béèrè pé, "Ṣé kò níí ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan?" Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọjọ́ tó bá bí i la máa mọ̀."

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìbẹ̀rù jẹ́, ẹ gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó máa gbé e kiri fún oṣù méjì ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Bàbá Kékeré gbẹ́ ihò jíjìn lẹ́yìn ilé, ó sin ẹ̀wà náà àti gàráwà, ó ń sọ ọ́ ṣáá pé, "Ṣebí mo sọ ọ́. Ìyé, ṣebí mo sọ ọ́ fún yín." Ìyé dá a lóhùn pé, "O sọ ọ́ fún mi. Ṣé èmi ni mò ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé yìí?" Bàbá mi dé ní Jímọ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní mi ò mọ̀ ni. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ọmọdé ni, kò mọ̀. Wọn ò mọ̀ nípa ṣíbí mẹ́ta tó wọlé lẹ́yìn tí mo ti mọ̀. Ìyá mi nìkan ló mọ̀, kò sì bá mi sọ ọ́. Ó ń rán mi níṣẹ́ bó ṣe máa ń rán mi tẹ́lẹ̀, ó ń di irun mi, ṣùgbọ́n kò ní kí n se oúnjẹ mọ́. Èmi náà dá òfin tèmi sílẹ̀. Oúnjẹ kan kò gbọ́dọ̀ dé iwájú rẹ̀ kí n má kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ìbáà ṣe iyán, ìbáà ṣe ẹ̀kọ. Màá jẹ ẹ́, màá dúró, màá máa wo ọwọ́ mi bóyá ó ń gbọ̀n. Ìyé rò pé ọ̀kánjúwà ni, ó ní, "Gbé ẹnu kúrò lóúnjẹ aboyún!" Mo tún máa ń jí lówùúrọ̀, màá fi etí ti ikùn màmá mi nígbà tó bá ṣì ń sùn. Tí ọmọ náà bá ta ẹsẹ̀, mo máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ adìyẹ náà ṣe ń ta.

Ó bímọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ. Igbe náà kò tu mí nínú, torí mo mọ̀ pé ọmọ tí nǹkan ṣe náà lè ké. Ìyé gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀, obìnrin ni. Mo rí Ìyé tó ń tú aṣọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, tó ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń la ojú rẹ̀ wò. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ọmọ náà ta gìrì. Ìyé kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù, obìnrin tí eékún ń dùn láti ọdún pípẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àbúrò mi yìí ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ga jù nínú ilé.

Ní ọjọ́ kẹta tí a dé ilé, ìyá mi pè mí wọ yàrá. Ó ní, "Ẹ̀wà ni mo fẹ́ jẹ." Mo ní, "Màá sọ fún Ìyé." Ó ní, "Ìwọ ni mo pè, Dúpẹ́." Mo lọ gbé àtẹ. Mo ṣà á, mo tún un ṣà. Mo rí kòkòrò méjì nínú rẹ̀ tí wọ́n ń rìn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí wọn. Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ kedere, mo sè é, mo jẹ ṣíbí kan, mo dúró, mo wá gbé e lọ fún un. Ó fi àbúrò mi sí itan kan, ó gbé abọ́ sí ìkejì, ó ní kí n lóṣòó sí iwájú òun, níbi tí mo lóṣòó sí lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "O ń kà á lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tóò. Kà á lónìí náà."

Ó bu ṣíbí àkọ́kọ́. Mo ní ení. Ó bu ìkejì, mo ní èjì. Nígbà tó bu ìkẹta, omi ti bò mí lójú, mo ní ẹ̀ta. Kò dúró dè mí. Ẹ̀rin. Àrùn-ún. Ó wá dá ṣíbí padà sínú abọ́, ó wò mí bó ṣe wò mí ní ilé ìwòsàn, mi ò sì gbé ojú kúrò. Ó tún bu ẹ̀wà, ó kún dáadáa, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

Ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀fà."